Ọkùnrin kan, orin kan, ẹ̀ẹ̀mejì

 Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, kò sì jọ èyí tí a máa ń kọ síbí. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, kó wa ọkọ̀ rẹ̀ délé ná. "Àwa" tí ẹ máa bá pàdé nínú rẹ̀, Dádì àti Mọ́mì yín ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fáìlì orin méjì wọlé sórí WhatsApp wa. Ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ kò kí wa, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í. Orúkọ kan náà ni fáìlì méjèèjì ń jẹ́: Bach, Goldberg Variations, Glenn Gould. Ọdún nìkan ni ìyàtọ̀: 1955 wà lára ọ̀kan, 1981 wà lára èkejì. A rò pé ó ṣèèṣì fi ránṣẹ́ ni.

Ẹni náà ni ọmọ wa tó máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti rí i kẹ́yìn, a sì mọ̀ ọ́n ní ìdí ẹ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan tí a ń kọ orin ìwé lọ́wọ́, ọmọ yìí ń fà á, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Ọ̀kan nínú wa, ẹ kúkú mọ ẹni tó máa ń di máìkì mú nínú wa méjèèjì, bá sọ ọ́ sínú máìkì pé, "Ta ló kú? Tẹ̀ ẹ́ kó yá jàre!" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tẹ ìyókù kó yá, ó parí ìsìn, ó yọ wáyà kíbọ́ọ̀dù, ó ká a dáadáa, ó fi í síbi tó máa ń fi í sí, ó sì lọ. Ká tó jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àwa ti gbàgbé. Òun ò gbàgbé.

Ni a bá jókòó sí pálọ̀ láti gbọ́ ohun tó fi ránṣẹ́. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, sípíkà kékeré tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀ ni a lò. Ti 1955 ni a kọ́kọ́ fi sí i. Orin pẹ̀lẹ́ kan ló fi ṣíde, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi tán. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, wàhálà dé! Mọ́mì ní, "Ta ló ń lé e?" Ó ní ó dà bíi máíkírá tó fẹ́ gbé èrò ìkẹyìn ní Ìwó Road. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, pé kí wọ́n gbọ́ bí ìka ọmọkùnrin yìí ṣe mọ́ tó, ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, èèyàn lè kà wọ́n. Ó ní báyìí ló yẹ kí orin máa rí, orin tó ní ẹ̀mí.

A wá fi ti 1981 sí i. Orin pẹ̀lẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, kan náà gan-an, lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni yìí. Ó ń fi ohùn kan sílẹ̀, á dúró, á tún fi òmíràn sílẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lóru. Mọ́mì fi ọwọ́ lérán, kò sọ nǹkan kan. Ẹnì kejì wo aago. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ tí ẹnì kan ń kùn. A rò pé aládùúgbò ni, a tilẹ̀ pa sípíkà ká fi mọ̀. Inú orin ló wà! Ẹni tó ń tẹ píánò ló ń kùn bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ẹnu wa ò kò lálẹ́ ọjọ́ náà. Mọ́mì yan 1981, ẹnì kejì yan 1955, a sì gbé e dé orí ibùsùn. Ohun tí kò yé wa ni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló tẹ méjèèjì.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì tí a ti gba dípúlómà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a gbọ́ orúkọ Bach, pé ó máa ń kọ lẹ́tà mẹ́ta, S.D.G., sí òpin ọ̀pọ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run nìkan ni ògo yẹ. A kọ ọ́ sínú ìwé, a fi ṣe ìdánwò, ó tán. Nítorí náà Mọ́mì ló pe ọmọ náà lórí fóònù. Kò bi í ní ìdí tí kò fi wá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ọmọ mi, orin tí o fi ránṣẹ́ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nílé wa, wá parí ẹ̀." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní Ọjọ́bọ̀ tòun ti fláàṣì kan tó kún fún orin.

Ó ṣàlàyé fún wa. Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, tí wọ́n bí ní 1685 tó sì kú ní 1750, ló kọ orin náà. 1741 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Orin pẹ̀lẹ́ tó fi ṣíde ni wọ́n ń pè ní Aria. Lẹ́yìn rẹ̀, ó yí i padà lọ́nà 30 lórí ìpìlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ kan náà. Ẹ rántí bí omele ṣe máa ń di ojú kan mú tí ìyá ìlù á sì máa sọ ohun tó wù ú lórí ẹ̀. Tí ọgbọ̀n náà bá ti pé, Aria àkọ́kọ́ á tún padà wá gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, a ò sì ní gbọ́ ọ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́, nítorí ibi tí a ti bá a dé. Ìtàn kan wà pé torí ìjòyè kan tí kò rí oorun sùn ni Bach fi kọ ọ́. Ọdún 1802 ni ìtàn náà tó dé inú ìwé, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa Bach ò sì gbà á gbọ́. Ẹ̀yin náà kúkú mọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ó dùn, kò ní ẹlẹ́rìí.

Kì í ṣe píánò ni Bach kọ ọ́ fún. Harpsichord tó ní ojú títẹ̀ méjì ló kọ ọ́ fún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Harpsichord máa ń já okùn rẹ̀ gbọ̀n bíi ti gìtá. Bí o tẹ̀ ẹ́ líle, bí o tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bákan náà ló máa ń dún. Òòlù kéékèèké ni píánò fi ń lu okùn tirẹ̀, òun ló fi lè pariwo, tó sì lè sọ̀rọ̀ sí ọ létí. Ojú kan ṣoṣo ló sì ní, nítorí náà ọwọ́ méjèèjì á máa gun ara wọn nínú orin yìí bí ọmọ ìyá méjì lórí ẹní kan. Wọ́n ròyìn pé Bach rí àwọn píánò àkọ́kọ́ tí Silbermann ṣe, ó ní wọ́n wúwo láti tẹ̀, ohùn òkè wọn ò sì lágbára. Nígbà tó yá tí wọ́n tún wọn ṣe, ó gbà pé wọ́n dára. Ohun tó wá mú gbogbo àríyànjiyàn wá ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ìwé orin yìí, Bach ò kọ bó ṣe yẹ kó yá tó, kò kọ bó ṣe yẹ kó dún sókè tó. Ohùn wà níbẹ̀. Ìyókù dọwọ́ ẹni tó jókòó.

Gould tí a ń jà lé lórí, Toronto ní Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 1932. Ọmọ ọdún 22 ni ní June 1955 tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Columbia tó wà ní 30th Street ní New York. Ilé náà ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí (inú wa dùn sí ìyẹn, a ò ní purọ́). Ó gbé àga kúkúrú kan tí bàbá rẹ̀ tún ṣe fún un lọ síbẹ̀, ó jókòó nísàlẹ̀ gan-an, ó tẹ gbogbo ẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 38, ó sì di ẹni tí ayé mọ̀. Ní 1964 ó pa orin títẹ̀ níwájú èrò tì pátápátá, ó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó òun. Ní 1981 ó padà sínú ilé kan náà, ó tún orin kan náà tẹ̀, ó wá jẹ́ ìṣẹ́jú 51. Àwo yẹn jáde ní September 1982. Ní ọjọ́ 4 October ọdún yẹn, ó kú. Kò ju ẹni 50 ọdún lọ. Àwa méjèèjì ti kọjá ọjọ́ orí yẹn.

Mọ́mì ní, "Ẹ rí i? Ó dàgbà, ó gbọ́n, ó rọra." Ọmọ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ó ní apá kan nínú ìṣẹ́jú tó lé yẹn, àtúntẹ̀ ni. Bach fi àmì sí i pé kí wọ́n tún apá kọ̀ọ̀kan tẹ̀. Ní 1955 Gould ò tún ìkankan tẹ̀, ní 1981 ó tún àwọn kan tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ká gbọ́ ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n yẹn, èyí tó bani nínú jẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Ó fi ti 1955 sí i, ó fi ti 1981 sí i, ó ní ká wo aago fúnra wa. Ti 1955 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀. Ti 1981 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọmọdé tó ń sáré kiri yẹn, nígbà tó dé ibi ẹkún, òun ló pẹ́ níbẹ̀ ju àgbà lọ!

Ẹni tó fẹ́ràn 1955 nínú wa tìtorí pé ó yá, kò mọ ohun tó máa sọ. Ẹni tó fẹ́ràn 1981 tìtorí pé ó rọra, òun náà dákẹ́. A ní kó tún méjèèjì fi sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni Ọjọ́bọ̀ ti di ọjọ́ orin nílé wa.

Ó mú àwọn àgbà wá. Edwin Fischer, ará Switzerland, ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi píánò gba gbogbo Well-Tempered Clavier sílẹ̀, láàárín 1933 sí 1936, ní London. Àwo ìgbà náà ń pariwo bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà, ojú àwo kan ò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Kò sí pé à ń gé e, à ń lẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Ohun tí ìka bá ṣì, ó ti ṣì í títí ayé. A gbọ́ ibi tí ìka rẹ̀ ti ṣìnà. Ẹ gbà wá gbọ́, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá a ò gbọ́ àkàrà mọ́, ọkùnrin tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́ ló kù. Èyí tó pè ní Prelude kẹjọ, a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lálẹ́ kan.

Rosalyn Tureck, ará Amẹ́ríkà, tẹ Goldberg yìí fún àwo ní 1957, ó tún gbogbo ohun tí Bach ní ká tún tẹ̀ tẹ̀, ó sì lé ní wákàtí kan àbọ̀. Ẹni tó di máìkì mú nínú wa sùn lọ. Mọ́mì ò sùn. Ó ní obìnrin yìí ń ṣàlàyé bí olùkọ́ tó mọ̀ pé ọmọ kan wà lẹ́yìn kíláàsì tí kò tíì yé. Gould fúnra rẹ̀ gbà pé òun kọ́ nǹkan lára Tureck, ẹ wá wò ó, ẹni tó yá jù kọ́ lára ẹni tó rọra jù. Claudio Arrau, ọmọ Chile, gba Goldberg tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1942, wọn ò sì gbé e jáde torí Wanda Landowska tó ń bọ̀ wá fi harpsichord gba tirẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan náà. Ó wà nínú àpótí títí di 1988. Bàbá náà ti lé ní ẹni 80 ọdún kí aráyé tó gbọ́ ohun tó tẹ̀ nígbà tí kò tíì pé 40.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, ọmọ náà ní òun fẹ́ dán wa wò. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹni tó ń tẹ píánò, ká gbọ́ ọ, ká sọ irú ẹni tó jẹ́. Orin Bach mìíràn ló fi sí i, Partita àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àmù. Nígbà tó dé ijó ìkẹyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní Gigue, tí ọwọ́ kan ń fò kọjá lórí èkejì lọ, lọ, lọ, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu wa kò. A ní ọmọdé ni. A ní ara rẹ̀ le. Ẹni tó máa ń di máìkì mú tilẹ̀ fi kún un pé, "Ẹni yìí ò ní ìṣòro kankan láyé. Ó ti jẹun dáadáa kó tó jókòó."

Ọmọ náà pa á. Ó ní Dinu Lipatti ni orúkọ ẹ̀, ará Romania, ẹni ọdún 33. Àrùn Hodgkin, irú jẹjẹrẹ kan, ló ń bá a jà. July 1950 ni wọ́n gba ohun tí a gbọ́ yẹn sílẹ̀ ní Geneva, nígbà tí oògùn cortisone ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 16 September ọdún kan náà, ó tún orin kan náà tẹ̀ níwájú èrò ní Besançon, ní ilẹ̀ Faransé. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó ní òun ti ṣèlérí. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kó tó lè dé ibẹ̀. Rédíò gbà á sílẹ̀, ọmọ náà sì fi í sí i fún wa. Kí Partita tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń dán píánò wò, ìka rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá ó lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ó ṣe é. Orin 14 ti Chopin ló yẹ kó fi parí. Mẹ́tàlá ló lè tẹ̀, agbára rẹ̀ tán. Wọ́n ní ó fi orin Bach tó dá lórí Jésù, èyí tí Myra Hess tún tò fún píánò, dípò ìkẹyìn tí kò lè tẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 2 December, ó kú.

A fi ti Geneva àti ti Besançon wéra lálẹ́ ọjọ́ náà. A ń wá ibi tí àìsàn ti hàn. Nígbà míì ọ̀kan nínú wa á ní, "Ó hàn níbí," èkejì á ní kó tún un fi sí i, tí a bá sì tún gbọ́ ọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Aago mọ́kànlá kọjá. Iná ti dé, ti tún lọ.

Ìgbà yẹn ni ẹni tó di máìkì mú béèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní, "Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn, kí ló dé tí o fi ń fa orin yẹn?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Dádì, màmá kan wà ní ìlà iwájú. Èémí wọn ò gbé orin náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìlà kan, ẹ ó ti parí ẹ̀ kí wọ́n tó dé àárín. Wọ́n sì ń kọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo ń dúró dè wọ́n ni. Ẹ̀yin kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ò lè rí wọn."

Mọ́mì mọ màmá náà. Wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Abẹ́òkúta báyìí. Ó ní wọ́n sọ fún òun lọ́jọ́ náà lẹ́yìn ìsìn pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti kọ orin dé ìparí, pé lónìí àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀.

Ẹni tó di máìkì mú bẹ ọmọ náà níbi tó jókòó sí, níwájú Mọ́mì. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bẹ̀ mí, Dádì, kò tó bẹ́ẹ̀." Ó tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ìjọ ló gbọ́ "Ta ló kú?", ìjọ ló yẹ kó gbọ́ èyí náà, ìdí tí a fi kọ ọ́ síbí nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti kà á kí a tó gbé e jáde. Ohun kan ṣoṣo ló ní ká tún ṣe, ọdún kan tí a kọ fún Fischer tí kò tọ̀nà.

Ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn báyìí. A ò ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ṣì ń jẹ́ tiwa, èyí tó ń bọ̀ yìí, ó ní òun máa mú Landowska ti 1933 wá, ká gbọ́ bí harpsichord ṣe ń sọ ohun tí àwọn onípíánò ti ń sọ látìgbà yìí. Ní ti Gould, ìjà wa ò tíì parí. Mọ́mì ń fi Aria ti 1981 dáná. Òórọ̀ ni a máa ń gbọ́ ti 1955 ní yàrá kejì, ìlẹ̀kùn á sì wà ní títì.

Ẹ wá méjèèjì lórí fóònù yín. Tí dátà yín ò bá tó, Aria nìkan tó, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀. Kí ẹ wá kọ ọdún tí ẹ yàn sábẹ́ yìí, 1955 tàbí 1981. Mọ́mì ní òun máa kà wọ́n fúnra òun.